Bí a ṣe lè fi àpáàdì àti àkọlé àtijọ́ ka Bíbélì

Ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀, ilẹ̀ kan wà tí àwọn baba ńlá wa fi àpáàdì tẹ́. Wọ́n gbé àfọ́kù ìkòkò kọ̀ọ̀kan dúró lórí etí rẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ títí ojú ilẹ̀ náà fi dà bí egungun ẹja. Ìtàn ẹnu sọ fún wa pé Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn a máa wo ohun tí ó wà lókè ilẹ̀ àti ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹnu dárúkọ ẹni tí ó pàṣẹ, èyí tí ilẹ̀ kò lè ṣe. Ilẹ̀ sì fi iṣẹ́ ọwọ́ náà hàn, èyí tí ẹnu kò lè ṣàpèjúwe tán. Ibẹ̀ ni mo máa ń mú kíláàsì Bíbélì wa lọ kí a tó ṣí Ìwé Àwọn Ọba, nítorí pé ẹni tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ẹ̀rí méjèèjì yìí pọ̀ ní Ifẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti gbọ́ wọn pọ̀ ní Jerúsálẹ́mù.

Olùkọ́ kíláàsì Bíbélì, olórí ẹgbẹ́ ìyá tàbí ti ọ̀dọ́, àti ẹni tí ó ń dá ka Bíbélì nílé ni mo kọ ìtọ́ni yìí fún. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: Bíbélì Yorùbá, ìwé àkọsílẹ̀ kan, fóònù tí ó lè gbé àwòrán àwọn ohun tí ó wà ní mùsíọ́mù òkèèrè jáde, àti àpáàdì kan. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn gbé Bíbélì ró bí ẹni pé ó fẹ́ ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé a ń wá ọ̀nà láti ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo ń wá ni pé kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tún wúwo bí ó ti wúwo létí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí a sì lè mọ̀, nídìí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó fẹ́ kí ẹni náà gbà gbọ́.

Ọwọ́ ìyá àgbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ gbé àpáàdì sí àárín kíláàsì, kí ẹ sì bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè pé kí ni a ń fi í ṣe. Ní kíláàsì tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn pé pàǹtí ni. Nígbà náà ni kí ẹ yíjú sí ìyá tí ó dàgbà jù láàárín yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń fọnná nígbà tí ìṣáná kò tíì wọ́pọ̀: ọmọ yóò mú àpáàdì lọ sí ilé kejì, wọn yóò fi igi ti ẹ̀yinná sí i láti inú ààrò, ọmọ yóò sì yára gbé e padà sílé kí ó tó kú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ka Isaiah 30:14, níbi tí wòlíì ti sọ̀rọ̀ nípa ìṣubú tí yóò dà bí ìkòkò tí a fọ́ yángá, tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní rí àpáàdì kan nínú rẹ̀ tí a lè fi fọnná láti inú ààrò tàbí tí a lè fi bu omi nínú kòtò. Ẹni tí ó ti wo ìyá náà lẹ́nu iṣẹ́ kò tún nílò àlàyé. A máa ń sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ohun tí Isaiah ń sọ ni pé èyí tí ó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá kò ní ṣẹ́ kù.

Àpáàdì yìí kan náà ni awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ìgbà. Ìkòkò tètè ń fọ́, ṣùgbọ́n àfọ́kù rẹ̀ kì í jẹrà, kò sì sí ẹni tí yóò jí i. Bí ẹnu ìkòkò ṣe tẹ̀, bí etí rẹ̀ ṣe nípọn sí, àti ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń yí padà láti ìran dé ìran gẹ́gẹ́ bí àrà aṣọ ṣe ń yí padà láàárín àwa náà. Ní ọdún 1890, Flinders Petrie fi èyí hàn ní Tell el-Hesi, ní gúúsù ilẹ̀ Kénáánì àtijọ́: ó ṣàkíyèsí pé irú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀ òkìtì náà yàtọ̀ sí ti òkè, àti pé a lè fi wọ́n mọ bí ìgbà ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ òkìtì bá ṣòro fún kíláàsì yín, ẹ rán wọn létí àlàpà tí ó wà nínú àwọn agboolé wa. Ilé amọ̀ wó, òjò tẹ́ amọ̀ rẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn lé e, ìyẹn náà sì tún wó. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún lójú kan náà, nínú odi tí kò jẹ́ kí amọ̀ náà ṣàn lọ, ìlú náà yóò di òkè.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ìtàn àwọn àpáàdì Lakiṣi fún wọn. Ní ọdún 1935, àwọn tí ó ń bá J. L. Starkey walẹ̀ rí àpáàdì 18 tí a fi tàdáwà kọ̀wé sí, nínú yàrá kan lẹ́bàá ẹnubodè ìlú náà, láàárín eérú iná tí ogun Bábílónì dá ní nǹkan bí 587 ṣáájú ìbí Kristi. Lẹ́tà àwọn ọmọ ogun Júdà ni wọ́n. Nínú ọ̀kan lára wọn, ẹni tí ó kọ̀wé sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àwọn ń ṣọ́ àmì iná Lakiṣi, nítorí pé àwọn kò rí Aseka. Ẹ ka Jeremiah 34:7 sókè nísinsìnyí: Lakiṣi àti Aseka nìkan ni ó ṣẹ́ kù nínú àwọn ìlú olódi Júdà. Kíláàsì a máa dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí a bá dé ibí yìí. Àwọn kan yóò sì sọ pé Aseka ti ṣubú lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ lẹ́tà rẹ̀. Ẹ dá wọn dúró. Àpáàdì náà sọ pé wọn kò rí Aseka. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹ kọ́ wọn láti gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ kí wọ́n sì dúró níbẹ̀, nítorí ẹ̀rí tí a bá fi kún, ó ti di tiwa, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé ibi tí a ti rí nǹkan ṣe pàtàkì bí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1938, àwọn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni rí àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ẹwà wọn kò dín kù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ilẹ̀ àti ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò sí nínú àkọsílẹ̀ bí ó ti yẹ, ohun tí ó sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àpáàdì Lakiṣi kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n nítorí pé a mọ yàrá àti eérú tí ó ti jáde, a mọ ogun tí ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ìtàn kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ má ṣe gbìyànjú láti kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan. Ẹ mú ìtàn kan, kí ẹ sì dúró tì í. Èyí tí mo máa ń mú ni ti Hesekiah ọba Júdà àti Sennakeribu ọba Ásíríà ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi, nítorí pé ìhà méjèèjì ni ó kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀, ilẹ̀ náà sì pa tirẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ka 2 Àwọn Ọba 18 sí 20, 2 Kronika 32, àti Isaiah 22, kí olúkúlùkù sì kọ ohun tí ojú lè rí nìkan sílẹ̀: odi, omi, owó òde, ìlú tí a kó. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ìwé náà sílẹ̀ lófo. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ ó kọ ohun tí ilẹ̀ sọ síbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi. 2 Àwọn Ọba 20:20 sọ pé Hesekiah ṣe adágún àti ọ̀nà omi, ó sì mú omi wá sínú ìlú. Lábẹ́ Jerúsálẹ́mù, ọ̀nà kan wà tí a gbẹ́ gba inú àpáta, tí ó gùn tó 533 mítà, tí ó gbé omi ìsun Gihoni lọ sí adágún Siloamu. Ní ọdún 1880, ọmọdékùnrin kan rí àkọlé kan lára ògiri rẹ̀. Àkọlé náà ṣàlàyé pé ìhà méjì ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà náà bọ̀, pé nígbà tí ó ku ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta, wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kan tí ó ń pe ẹnì kejì rẹ̀ láti òdìkejì, àti pé ní ọjọ́ tí wọ́n pàdé, àáké kan àáké, omi sì ṣàn láti orísun lọ sí adágún ní 1,200 ìgbọ̀nwọ́. Èmi kò lè ka àkọlé yìí kí ara mi má wú. Kò sí orúkọ ọba níbẹ̀, kò sí orúkọ ọlọ́run kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó sọ ti ara wọn, wọ́n sì rántí ohùn tí wọ́n gbọ́ nínú òkùnkùn. Nítorí pé kò dárúkọ Hesekiah, ẹ sọ òtítọ́ fún kíláàsì pé bí lẹ́tà inú rẹ̀ ṣe rí, àti àyẹ̀wò ọjọ́ orí ewéko tí ó wà nínú amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ọ̀nà náà, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbé e sí àsìkò ọba yìí. Ìstáńbùl ni àkọlé náà wà lónìí.

Odi ni ó kàn. Ní àwọn ọdún 1970, Nahman Avigad wú odi kan jáde ní Jerúsálẹ́mù tí ó nípọn tó mítà 7, tí wọ́n mọ gba orí ilé àwọn ènìyàn kọjá. Ẹ ka Isaiah 22:10: ẹ ti ka àwọn ilé Jerúsálẹ́mù, ẹ sì wó àwọn ilé náà lulẹ̀ láti fi mú odi le. Ìwé Kronika yin ọba náà fún iṣẹ́ odi. Isaiah ka ilé tí ó wó. Bí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì yín bá ti rí àmì pupa tí wọ́n fi kun ara ilé nígbà tí wọ́n fẹ́ la títì, ẹ bi í bí ó ti rí, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí Sennakeribu tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ìtàn ogun rẹ̀ sára amọ̀ sísun onígun mẹ́fà. Ọ̀kan tí wọ́n rí ní Ninefe ní ọdún 1830 wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní òun kó ìlú olódi Hesekiah 46, òun sì sé e mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Ó ní òun gba tálẹ́ńtì wúrà 30 àti fàdákà 800. Ẹ ní kí wọ́n ṣí 2 Àwọn Ọba 18:14: tálẹ́ńtì wúrà 30, fàdákà 300. Wúrà bára mu, fàdákà kò bára mu. Kò sí ibi tí ọba Ásíríà ti sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù. Ìlú Lakiṣi tí ó kó ni ó gbẹ́ sára ògiri ààfin rẹ̀ ní Ninefe, pẹ̀lú àwọn ìdílé tí ó ń jáde lọ sí ìgbèkùn tàwọn ti ẹrù wọn. Òkè amọ̀ àti òkúta tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó jọ láti fi gun odi Lakiṣi ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ bi kíláàsì pé ta ni ọba náà ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ni, àti àwọn ọlọ́run rẹ̀, àti ọba tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan yóò sọ pé oríkì ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́, àyàfi pé oríkì tiwa a máa mẹ́nu ba àléébù onítọ̀hún nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n àkọlé ọba Ásíríà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ó fi sílẹ̀ láìsọ wúwo. Àwọn ọ̀tá méjì fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ ọba, lórí wúrà, àti lórí pé Jerúsálẹ́mù kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá lọ́dún náà. Lórí ìdí tí kò fi bọ́, ọ̀tọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù sọ. Bíbélì sọ nípa áńgẹ́lì Olúwa. Kò sì sí ọkọ́ tí a fi ń walẹ̀ kan áńgẹ́lì. Ẹ má ṣe sọ pé awalẹ̀pìtàn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ pé ó ti já a. Ìgbàgbọ́ ni a fi gba ibẹ̀, èmi sì gbà á.

Àwọn àkọlé mìíràn tí ó yẹ ní ìjókòó kan

Òkúta Meṣa ọba Moabu, tí wọ́n rí ní Dhiban ní ọdún 1868, tí ó sì wà ní Louvre ní Párísì, dára fún kíkà pẹ̀lú 2 Àwọn Ọba 3. Meṣa sọ pé Omri ọba Ísírẹ́lì ni Moabu lára fún ọjọ́ pípẹ́ nítorí pé Kemoṣi, ọlọ́run àwọn ará Moabu, bínú sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn wé Ìwé Àwọn Onídàájọ́ 2, níbi tí ìbínú Olúwa ti mú kí ó fi Ísírẹ́lì lé ọwọ́ àwọn tí ó ń kó wọn. Èdè kan náà ni àwọn aládùúgbò yìí fi ń ṣàlàyé ìṣẹ́gun àti ìṣubú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run tí wọ́n ń pè kì í ṣe ọ̀kan náà.

Fún àkọlé Tel Dan, ní àríwá ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àpẹẹrẹ tí ó yá jù wà nílé. Ní ọdún 1993, wọ́n rí àfọ́kù òkúta kan níbẹ̀ tí ọba Aráméà kan kọ ìṣẹ́gun rẹ̀ sí ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Kristi, ó sì pe ìjọba Júdà ní «ilé Dafidi». Àwọn ará Ifẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí, nítorí pé bí a bá ní ilé Ọ̀ṣìnkọ́là tàbí ilé Gíẹ̀sí, kò sí ẹni tí yóò rò pé bíríkì àti páànù ni à ń sọ.

Òfin Hammurabi ọba Bábílónì, tí wọ́n rí ní Susa ní 1901 sí 1902, ní òfin nípa màlúù tí ó mọ̀ ọ́n kàn, tí ẹni tí ó ni ín ti gbọ́ ìkìlọ̀ tí kò sì dè é. Bí ó bá pa ọmọ bíbí ìlú, fàdákà ni olówó rẹ̀ yóò san. Nínú Eksodu 21:29, màlúù náà kú, ẹni tí ó ni ín náà sì jẹ̀bi ikú. Ẹ béèrè ohun tí ìyàtọ̀ yìí sọ nípa iye ẹ̀mí ènìyàn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Ìgbà tí ilẹ̀ kò bá sọ ohun tí a fẹ́

Kíláàsì yóò béèrè nípa Jeriko, ó sì dára kí ẹ ti múra sílẹ̀. John Garstang walẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ó sì kéde pé òun rí odi tí ó wó nígbà Joṣua. Kathleen Kenyon padà síbẹ̀ láàárín 1952 sí 1958, ó fara balẹ̀ ka àwọn ìpele ilẹ̀ náà, ó sì fi hàn pé odi yẹn ti wó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà tí Garstang gbé e sí. Mo ti gbọ́ olùkọ́ tí ó ṣì ń kọ́ni ní ti Garstang nìkan bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò lọ síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí a bá fi ìtàn àbọ̀ ṣìnà yóò bá ìyókù pàdé lórí fóònù rẹ̀, yóò sì rò pé gbogbo ohun tí a kọ́ ọ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ti Kenyon fún un pẹ̀lú ẹnu ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òkúta Merneptah ọba Íjíbítì hàn án, èyí tí Petrie rí ní 1896, tí ó sì dárúkọ Ísírẹ́lì gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn kan ní Kénáánì ní nǹkan bí 1208 ṣáájú ìbí Kristi.

Kí ẹ tó fi ohun kan han kíláàsì, ẹ wádìí bóyá inú ilẹ̀ ni onímọ̀ ti wú u jáde tàbí láti ọwọ́ oníṣòwò ni ó ti wá. Ní ọdún 2020, Museum of the Bible ní Washington kéde pé gbogbo àfọ́kù 16 tí ó ní, tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ara Àwọn Ìwé Òkun Òkú (àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tí wọ́n rí lẹ́bàá Òkun Òkú, tí ìwé Bíbélì wà lára wọn), jẹ́ ayédèrú. Ọjà ni wọ́n ti rà wọ́n. Àwọn ìwé gidi tí wọ́n rí nínú àwọn ihò 11 ní Qumran láti nǹkan bí 1947 kò ní ẹ̀sùn yìí. Ìwé Isaiah ńlá tí ó wà lára wọn ju 7 mítà lọ ní gígùn.

Fún ìjókòó tí ó kẹ́yìn, mo máa ń tọ́jú Ketef Hinnom. Ní ọdún 1979, Gabriel Barkay ń walẹ̀ nínú àwọn ibojì tí a gbẹ́ sínú àpáta ní etí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì rí ìwé fàdákà kéékèèké méjì tí a ká bí ońdè. Ó gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lè tú wọn láìfọ́. Nǹkan bí 600 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n gbé wọn sí, èyí tí ó dàgbà ju Àwọn Ìwé Òkun Òkú lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí mo bá dé ibí yìí, mo máa ń ní kí wọ́n pa Bíbélì wọn dé. Mo máa sọ bí fàdákà náà ṣe tín-ín-rín tó, mo máa sọ pé ẹnì kan so ó mọ́ra títí ó fi wọ ibojì pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa bẹ̀rẹ̀ ohun tí a kọ sí i, láìsọ ibi tí ó ti wá: «Kí Olúwa kí ó bùsí i fún ọ, kí ó sì pa ọ́ mọ́.» Kí n tó dé ìdajì rẹ̀, gbogbo kíláàsì ti ń bá mi kà á lórí, nítorí òun ni a fi ń túká lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.